Àmì Àgbélébùú àti Ìfẹsẹ̀múlẹ̀: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Òbí

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń múra àti mú ọmọ yín wá síwájú Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ tí a ṣe Ìrìbọmi fún un. Àlùfáà fi ìka sàmì àgbélébùú sí i níwájú orí. Abájọ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà ní Ìsàmì. Ó dàbí ilà ojú, nítorí a kò bi ọmọ léèrè kí a tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ilà. Àmì yìí, ìwà nìkan ni ó lè fi í hàn.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù, igi ìtìjú ni àgbélébùú; ẹrú àti ọ̀daràn ni a ń kàn mọ́ ọn. Olúwa wa gba ìtìjú náà rù, nítorí náà ẹni tí a sàmì rẹ̀ sí kò gbọdọ̀ tijú Rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní 1849, a na àwọn onígbàgbọ́, a sì dè wọ́n, nítorí wọn kò fẹ́ sẹ́ Ẹ. Ní 1854, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti gbé ọwọ́ lé àwọn onígbàgbọ́ lórí; bí ó ti ń padà lọ, ó kú lójú òkun.

Ọ̀dọ̀ àwọn Àpọ́sítélì ni a ti rí iṣẹ́ yìí. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 8, Fílípì ti ri àwọn ará Samáríà bọmi; lẹ́yìn náà ni Pétérù àti Jòhánù lọ gbé ọwọ́ lé wọn, wọ́n sì gba Ẹ̀mí Mímọ́. Ní ọjọ́ Ìfẹsẹ̀múlẹ̀, ọmọ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀jẹ́ tí baba àti ìyá ìsàmì jẹ́ fún un, a ó sì tọrọ agbára láti ọ̀run kí ó lè mú un ṣẹ.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń gbọ́ nínú ilé púpọ̀? Aṣọ funfun, bàtà tuntun, àsè àti àlejò; àwọn mìíràn a tilẹ̀ yá owó. Ọmọ a ka Kátíkísímù bí ayékòótọ́. Kò pẹ́, a kì í rí i nídìí tábìlì Olúwa mọ́.

Nítorí náà, ẹ pe ọmọ yín jókòó ní àṣálẹ́ kan, kí ẹ bi í pé, “Ìwọ tìkára rẹ ha fẹ́ èyí bí?” Bí ó bá wí pé kò tíì yé òun, ẹ má ṣe bínú sí i. Ẹ kọ́ ọ, ẹ gbàdúrà fún un, kí ó dúró di ìgbà mìíràn. Kò sí ìtìjú nínú ìdúró. Inú irọ́ tí a pa níwájú pẹpẹ ni ìtìjú wà.