Kíkó Lọ sí Ìpínlẹ̀ Tí Ó Di Ìlànà Àtijọ́ Mú ní Amẹ́ríkà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Òbí àti Àlùfáà Mọ̀

Ìbéèrè kan ń wáyé lemọ́lemọ́ láàárín àwọn ará wa ní Yemẹtu, Òkè Àrẹ̀mọ àti Bẹẹrẹ tí wọ́n ní ọmọ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ yóò pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, yóò sọ pé òun àti ọkọ òun fẹ́ kó kúrò ní California tàbí ní Maryland, kí wọ́n lọ máa gbé ní Texas tàbí ní Tennessee. Bí ìyá bá bèèrè ìdí rẹ̀, èsì tí yóò gbọ́ ni pé òfin ibẹ̀ bá ìgbàgbọ́ wọn mu ju ti ibi tí wọ́n wà lọ, àti pé wọ́n fẹ́ tọ́ àwọn ọmọ wọn níbi tí ìlànà àtijọ́ ṣì ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyá yóò wá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àlùfáà lọ: ṣé kí òun súre fún wọn ni, àbí kí òun ní kí wọ́n ṣì mú sùúrù? A kọ àpilẹ̀kọ yìí kí ẹni tí a bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ má baà fi ohun tí kò yẹ̀ wò gba ènìyàn nímọ̀ràn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá sọ pé ìpínlẹ̀ kan jẹ́ «pupa», ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni ó ń borí nínú ìdìbò ibẹ̀, nítorí àwọ̀ pupa ni àwọn oníròyìn fi ń fi ẹgbẹ́ náà hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Àwọ̀ aró ni ti ẹgbẹ́ Democrat. Ẹgbẹ́ Republican ni a mọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ìlànà àtijọ́ lórí ìdílé àti ẹ̀sìn dúró, kí owó orí dínkù, kí ọwọ́ ìjọba má sì gùn jù nínú òwò àwọn ènìyàn. Ní Texas, láti ìdìbò ọdún 1994, kò tí ì sí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat kan tí ó wọlé sí ipò tí gbogbo ìpínlẹ̀ náà jọ ń dìbò yàn.

Ẹni tí ó bá kó láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀ nínú òfin tí ó ń ṣàkóso ilé rẹ̀. Ọlọ́pàá kan náà ni, Àbújá kan náà ni. Ohun tí ó sún mọ́ ti Amẹ́ríkà jù lọ ní ilẹ̀ wa ni òfin Ṣàríà tí ìpínlẹ̀ Zamfara bẹ̀rẹ̀ sí lò ní oṣù Kìíní ọdún 2000, tí ìpínlẹ̀ mọ́kànlá mìíràn ní òkè ọya sì tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni a rí i pé ààlà ìpínlẹ̀ lè di ààlà òfin. Ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀: ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá tirẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣe òfin lórí ọ̀pọ̀ ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ ọmọ, ìwòsàn, ìbọn àti owó orí.

Kíkó lọ sábẹ́ ìjọba mìíràn nítorí ìgbàgbọ́ kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa Yorùbá pàápàá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, nígbà ìdààmú tí a ń pè ní Ìfọ́lé, a ba àwọn ilé ìjọsìn jẹ́ ní Abẹ́òkúta, a sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde. Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá kó lọ sí Èkó, èyí tí ó ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Àwọn wọ̀nyí kò ní àyè láti máa fi òfin ìlú kan wé ti èkejì. Àwọn ọmọ wa ní àyè bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìbéèrè tiwọn fi ṣòro ju bí ó ti rí lójú lọ.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ dárúkọ ni òfin lórí oyún ṣíṣẹ́. Láti ọdún 1973, ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà kò gba ìpínlẹ̀ kankan láàyè láti fi òfin de é pátápátá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kan náà yí ìdájọ́ yẹn padà, ó sì dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín. Texas, Tennessee, Alabama àti Mississippi fẹ́rẹ̀ẹ́ fòfin dè é tán. Florida fi òpin sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ní Maryland, àwọn olùdìbò fi ẹ̀tọ́ náà sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. California ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn ní ọdún 2022.

Lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ẹ̀mí ọmọ inú jẹ́ ẹ̀mí, ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì ní fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ̀bí Adéọ̀yọ́ mọ̀ pé oyún a máa bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, wákàtí kan pọ̀. Ní Texas, dókítà tí ó bá rú òfin náà lè lọ sẹ́wọ̀n títí ayé rẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì ní dín ní 100,000 dọ́là. Òfin náà fàyè sílẹ̀ bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ráhùn pé kò ṣe kedere tó ìgbà tí a lè sọ pé ewu ti dé. Ráhùnráhùn yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin tí wọ́n ṣe òfin náà fi padà tún un ṣe ní ọdún 2025, kí ó lè yé àwọn dókítà pé wọn kò ní láti dúró dìgbà tí ìyá bá ń kú lọ kí wọ́n tó dá sí i. Nítorí náà, obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, kò gbọdọ̀ kó lọ síbẹ̀ láì kọ́kọ́ wá dókítà aboyún kí ó sì bá a sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba. A kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ojú ti Kristẹni láti bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun kan tilẹ̀ wà tí kíkó lọ kò ní yí padà rárá. Ọ̀pọ̀ òbí níhìn-ín rò pé ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin jẹ́ òfin California, pé Texas kò gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50. Ẹni tí ó bá ń sá fún un kò ní ibi tí yóò sá gbà ní orílẹ̀-èdè náà.

Lórí ẹ̀kọ́ ọmọ, ìyàtọ̀ pọ̀. Ní Texas, òbí lè máa kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé láì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní New York, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, kí ó sì máa fi àbọ̀ jẹ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ní ọdún 2025, Texas ṣe òfin tí ó ya bílíọ̀nù 1 dọ́là sọ́tọ̀ láti ran àwọn òbí tí wọ́n fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027. Ní ọdún kan náà ni ó pàṣẹ pé kí a gbé Òfin Mẹ́wàá kọ́ sí gbogbo kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, gẹ́gẹ́ bí Louisiana ti ṣe ní ọdún 2024. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé àṣẹ méjèèjì lọ sí kóòtù. Kí á sọ tòótọ́, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì kò lè ṣe iṣẹ́ àdúrà àárọ̀ nínú ilé.

Lórí owó, Texas, Florida àti Tennessee kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù. Èyí dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n owó orí ilé ní Texas wà lára èyí tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá sì ra ilé níbẹ̀ yóò máa san án lọ́dọọdún, bí ó tilẹ̀ ti san gbèsè ilé náà tán. Lórí ìlera, òfin ọdún 2010 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti fi Medicaid, ètò tí ìjọba fi ń gbé ìnáwó ìwòsàn àwọn aláìní, dé ọ̀dọ̀ ènìyàn púpọ̀ sí i. California àti Maryland gbà. Texas, Florida àti Tennessee kọ̀. Texas ni ìdá àwọn tí kò ní ìdánilójú owó ìwòsàn ti pọ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bí ọkọ bá pàdánù iṣẹ́ tí ó ń san owó ilé ìwòsàn fún ìdílé, ìyàtọ̀ yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ rí.

Ti ìbọn ńkọ́? Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò sì dè lọ́nà, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Òfin ọdún 2019 sì jẹ́ kí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ lè gbé e wọ ilé ìjọsìn, àyàfi bí ìjọ náà bá sọ pé òun kò fẹ́. Kí àwọn àlùfáà wa tí ó bá lọ wàásù níbẹ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìyá tí ó wà ní Yemẹtu gan-an ni ti àjèjì. Àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n di ìlànà àtijọ́ mú náà ni wọ́n sábà máa ń le mọ́ àwọn tí wọ́n wá láti òkèèrè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, gómìnà Texas fọwọ́ sí òfin tí ó fún ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ láṣẹ láti mú ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn wọlé, òfin náà sì wọ kóòtù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé kò rú òfin yìí. Síbẹ̀, ó dára kí ó máa mú ìwé náà dání. Lókè gbogbo rẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump, ẹni tí ẹgbẹ́ Republican fà kalẹ̀, fọwọ́ sí ìkéde tí ó dá ìwé àṣẹ ìbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn tí ó fẹ́ lọ máa gbé ibẹ̀ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ìwé àṣẹ tí ènìyàn ti gbà ṣáájú kò tipa bẹ́ẹ̀ di asán. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò tí ì gba tirẹ̀ rí i pé ọ̀nà tí òun ìbá gbà lọ wẹ ọmọ-ọmọ òun ti dí, ìpínlẹ̀ yòówù tí ọmọ náà ìbáà bí sí. Ẹni tí ó yan ìṣèlú kan nítorí ìdílé yẹ kí ó ka èyí mọ́ ọn.

Kí ẹ má sì rò pé gbogbo ìlú inú ìpínlẹ̀ kan ni ó ní àwọ̀ kan náà. Houston, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí jù ní Texas, àti Dallas, ẹgbẹ́ Democrat ni àwọn ará ibẹ̀ sábà ń dìbò fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìgbèríko tí gbogbo aládùúgbò ti ń dìbò bíi tirẹ̀ lè rí i, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ó lè jẹ́ òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní òpópónà rẹ̀, àti pé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń kọrin Yorùbá lè jìn tó ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ìpínlẹ̀ a sì máa yí padà. Ní Virginia, George W. Bush ti ẹgbẹ́ Republican borí ní ọdún 2004. Láti ọdún 2008 ni ìpínlẹ̀ náà ti ń dìbò fún Democrat nínú gbogbo ìdìbò ààrẹ.

Ní Virginia yìí kan náà, àwọn kan wà tí wọn kò kó ilé rárá, ìjọ ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí ìjọ Episcopal fi Gene Robinson jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ọkùnrin tí òun àti ọkùnrin mìíràn jọ ń gbé bíi tọkọtaya, àwọn ìjọ ńlá bíi Truro àti The Falls Church dìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 láti kúrò. Abẹ́ Ìjọ Nàìjíríà ni wọ́n sá sí, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Martyn Minns, tí Peter Akinọlá fi jẹ ní Virginia ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Wọ́n jà fún ilé ìjọsìn wọn ní kóòtù fún ọdún mélòó kan. Ní ọdún 2012, ilé náà padà sọ́wọ́ ìjọ Episcopal. Wọ́n pàdánù ilé, ìjọ wọn kò túká.

Ohun tí a ń sọ fún àwọn òbí tí wọ́n wá bá wa kò lọ jìnnà. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ háyà ilé fún ọdún kan kí wọ́n tó rà. Kí wọ́n lọ jọ́sìn nínú ìjọ tí wọ́n ní lọ́kàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí ìyàwó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa ti jẹ́, kí ó yẹ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò: Texas, Florida, Tennessee, Georgia àti Maryland wà nínú àdéhùn kan tí ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan fi ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn yòókù, California àti New York kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ti California bọ̀ gbọ́dọ̀ tún ìwé kọ sí ìpínlẹ̀ tuntun, kí ó sì dúró de èsì. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò kó ẹrù, nítorí oṣù Kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé ní Texas, ọkọ nìkan kò sì lè máa san owó ilé méjì.