CD wọlé sùn, Olamide ọmọ Bàrígà kò wọlé sùn

Oníṣòwò wo ní Èkó ni kò mọ Ṣómólú sí ibùdó àwọn atẹ̀wé? Nígbà tí àwo CD ṣì ń tà wàràwàrà, pósítà olórin àti bébà tí wọ́n ń kì sínú páálí CD jẹ́ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fún irú wọn. Ayé ìgbà yẹn ni 9ice, tó dàgbà ládùúgbò Ṣómólú àti Bàrígà, gbé 'Gongo Aṣọ' jáde lọ́dún 2008.

Ilé iṣẹ́ ID Cabasa, Coded Tunes, ló gbé àwo àkọ́kọ́ Olamide, 'Rapsodi', jáde ní 2011. Bàrígà ni wọ́n bí òun náà sí lọ́dún 1989. Nígbà tó di 2012, ó dá YBNL tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wo bí òwò náà ṣe rí nígbà yẹn. Olórin á gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn alágbàtà ní Alábà, wọ́n á san owó fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Èyí tó bá tà lẹ́yìn ìyẹn, tiwọn ni. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ò sì jẹ́ kí àwọn alágbàtà pàápàá sinmi. Òde àríyá àti ìpolówó ọjà ni olórin ti ń rówó gidi, bí àwọn èèyàn bá sì gbàgbé rẹ̀, òde tán nìyẹn. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí Olamide fi ń gbé àwo jáde lọ́dọọdún láti 2011 dé 2017: méje ní ọdún méje, láìka èyí tí òun àti Phyno jọ ṣe.

Nígbà tó yá, orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ orin. Ta ló tún ń wá páálí CD? Ṣùgbọ́n Olamide ti ní ọjà mìíràn nílẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé jáde. Òótọ́ ni pé wọn kì í pẹ́ lọ. Lil Kesh, ọmọ Bàrígà bíi tirẹ̀, kúrò ní 2016 láti dá YAGI sílẹ̀. Olamide tún wá òmíràn, ó gba Fireboy DML wọlé ní 2018.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, YBNL tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Empire, ilé iṣẹ́ kan ní San Francisco, l'Amẹ́ríkà, tó ń pín orin káàkiri ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni 'Peru' Fireboy gba ìgboro. Ní 2022, àwo Asake wọ àtẹ Billboard 200 l'Amẹ́ríkà, kò sì gba Alábà kọjá rárá.

Olamide fúnra rẹ̀ ò fi máìkì sílẹ̀. Èyí tó gbé jáde ní 2025, orúkọ ara rẹ̀ ló fi pè é.