Ọkọ̀ onígáàsì ti dé Kútọ̀, páàtì rẹ́gúlétọ̀ ńkọ́?

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ gáàsì CNG ti wọ ẹnu àwọn awakọ̀, tó fi dé gáréèjì Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta. Kò yani lẹ́nu. Epo tí líítà ẹ̀ kan kò tó N200 ní iye tí ìjọba fi lé e kí wọ́n tó yọ owó náà ti lé ní N1,000 nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ kò lè fò sókè tó yẹn kí èrò má sá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lo bọ́ọ̀sì onígáàsì lọ́dún 2023 yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ọlọ́kọ̀ bi mẹkáníìkì kó tó gbà kí wọ́n yí ọkọ̀ òun sí gáàsì: bí rẹ́gúlétọ̀ bá bàjẹ́, níbo la ti máa rí páàtì ẹ̀ rà?

Rẹ́gúlétọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó wà láàárín sílíńdà àti ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá rọ gáàsì kún sílíńdà tán, agbára tó wà nínú ẹ̀ máa ń tó 200 bar. Kí ẹni tí kò mọ bar lè mọ bí èyí ṣe pọ̀ tó, afẹ́fẹ́ tí fọ́kànáísà ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ kékeré kò ju bíi 2 bar lọ. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń rọ agbára náà wálẹ̀, táá máa fún ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n tó lè gbà. Ohun tó fi ń ṣe é kò ju sípíríìnì, rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ń lọ tó ń bọ̀, ìjókòó kékeré tí fáàfù ń dé lé, àwọn O-ring àti fíítà lọ. Irin ara ẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn rọ́bà yìí ló máa ń kọ́kọ́ gbó.

Iṣẹ́ kan náà ni rẹ́gúlétọ̀ àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ ń ṣe, sílíńdà tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn náà sì máa ń gba bíi 200 bar. Ọmọ ìyá ni ẹ̀rọ méjèèjì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ Faransé, epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú níbẹ̀, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì wa mọ́tò. Émile Gagnan, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ Air Liquide, ṣe rẹ́gúlétọ̀ kékeré kan fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jacques Cousteau, sójà ojú omi tó fẹ́ràn àtimáa lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ òkun, lọ bá a ní ìparí ọdún 1942, wọ́n tún rẹ́gúlétọ̀ ọkọ̀ náà ṣe fún mímí lábẹ́ omi, òun ló di Aqua-Lung lọ́dún 1943.

Ìṣòro tí àwọn oníṣẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ti ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń bọ̀ wá bá ọlọ́kọ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́gúlétọ̀ omi kì í ta rọ́bà àti O-ring inú ẹ̀ fún ẹni tó kàn kówó wá. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n sì fún níwèé àṣẹ, ni wọ́n ń tà á fún. Wọ́n ní nítorí ẹ̀mí ni, torí ẹni tí rẹ́gúlétọ̀ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ omi kò níbi tó máa sá sí. Àwọn tó ń ra ọjà wọn ní nítorí owó ni. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tọ̀tún-tòsì.

Ní ti ọkọ̀, ohun tó ń fa ọ̀wọ́n yàtọ̀ díẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́gúlétọ̀ gáàsì ọkọ̀ pọ̀. Landi Renzo, Lovato, BRC àti Tomasetto, tí wọ́n lórúkọ jù nínú wọn, ilẹ̀ Ítálì ni gbogbo wọn ti wá, oríṣi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Rọ́bà ti ọ̀kan kì í bá òmíràn mu, ìgbà míì tiẹ̀ wà tí ti àtijọ́ àti ti tuntun láti iléeṣẹ́ kan náà kì í bára mu. Òǹtajà ní Ládípọ̀ tàbí ASPAMDA l'Ékòó tó bá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ wọlé máa fi owó ńlá dì sórí ọjà tó lè má tètè tà, nígbà tí búrèkì páàdì àti pílọ́ọ̀gì ń tà lójoojúmọ́. Dọ́là tó jẹ́ bíi N460 kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ti ju N1,500 lọ lọ́dún 2024. Abájọ tó fi rọrùn fún ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì láti sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ odidi rẹ́gúlétọ̀, kódà bó bá jẹ́ O-ring kan ṣoṣo ló já.

Àdánù ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ká sọ pé awakọ̀ kan ń rí N15,000 mú lọ sílé lójúmọ́, tí ọkọ̀ ẹ̀ sì fi ọjọ́ mẹ́fà dúró de rọ́bà tó ń bọ̀ láti Èkó: N90,000 ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó sanwó rọ́bà. Tó bá ṣì lè fi epo wa ọkọ̀ náà, èrè tó torí ẹ̀ yí i sí gáàsì ló ń jó dànù nílé epo yẹn.

Nítorí èyí ni ìdánwò fi máa ń wà láti gé rọ́bà túùbù táyà kí wọ́n fi dí i. Kì í ṣe ọgbọ́n. Gbogbo rọ́bà kọ́ ló lè bá gáàsì àti ọ́ìlì gbé. Òmíràn á wú, á rọ̀, fáàfù ò ní lè dé dáadáa mọ́, gáàsì á sì máa jò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàù nílé epo kan ní Benin nígbà tí wọ́n ń rọ gáàsì sí i. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG fún ìjọba àpapọ̀ sọ lẹ́yìn náà pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG. Sílíńdà nìyẹn, kì í ṣe rẹ́gúlétọ̀, ṣùgbọ́n ìwà ká-ṣáà-fi-èyí-ṣe-é kan náà ló bí méjèèjì.

Rẹ́gúlétọ̀ tó ń bàjẹ́ bọ̀ kì í ṣàìfi àmì hàn. Òórùn gáàsì lè máa jáde, ẹ́ńjìnnì lè máa kú tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí kí gáàsì tètè máa tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí yìnyín bá bo ara rẹ́gúlétọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ omi radiétọ̀ wò, torí omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń mú un móoru. Ọ̀pọ̀ rọ́bà tó dára ni wọ́n ti yọ dànù nítorí omi tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí kò ní mọ́tò náà. Ti ìyá olóúnjẹ tó ń fi gáàsì dáná lọ́jà Kútọ̀ yàtọ̀ pátápátá, torí rẹ́gúlétọ̀ gáàsì ìdáná kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tú wò: wọ́n dì í pa ni. Tó bá ti ń jò, odidi ni kí wọ́n pààrọ̀, wọ́ṣà àti rọ́bà tó lọ sídìí sítóòfù nìkan ni wọ́n ń dá rà. Omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi wá ibi tó ti ń jò, kì í ṣe iná ìṣáná. Àwọn wẹ́dà tó ń lo ọ́síjìn sì ní láti ṣọ́ra fún ọ̀rá. Gíríìsì díẹ̀ lára O-ring rẹ́gúlétọ̀ ọ́síjìn lè gbiná fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá ṣí sílíńdà. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú rọ́bà ti ọkọ̀ tó ti kan ọ́ìlì wá fi síbẹ̀, kódà kó ṣe déédéé.

Fún ẹni tó ń ta páàtì, àyè òwò wà níbí, ṣùgbọ́n kò yẹ kó fowó ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yí ọkọ̀ sí gáàsì ládùúgbò: kó bi wọ́n pé rẹ́gúlétọ̀ wo ni wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ jù, kó sì kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ kò wúlò rárá níbi yìí, torí rẹ́gúlétọ̀ tó wà nínú Toyota kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì ẹ̀. Fíítà àti O-ring ni kó kọ́kọ́ kó, kí rọ́bà pẹlẹbẹ tẹ̀ lé e nígbà tí oníbàárà bá ti dúró. Tí O-ring bá wá láìsí nínú páálí ojúlówó, ìwọ̀n ojú ihò ẹ̀, bó ṣe nípọn tó àti irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é ni kó béèrè, torí dúdú ni púpọ̀ nínú wọn, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ so wọ́n kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ ni rọ́bà ti máa ń pẹ́, kó sì wo ọdún tí wọ́n ṣe é lára páálí kó tó sanwó, torí rọ́bà máa ń gbó nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó.