Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Pípe aládùúgbò tó dá wà sí ṣọ́ọ̀ṣì

Ní 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó. Ìyẹn ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníwàásù: ní 1852, ìjọ Saint Paul's, Breadfruit, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ẹrú tó gba òmìnira àti àwọn ọmọ wọn tó padà wálé láti Sierra Leone, wà lára àwọn tó ń wàásù, wọ́n sì ń fi Yorùbá bá aládùúgbò wọn sọ ìhìn rere.

Àwa náà lè sún mọ́ aládùúgbò wa bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ Èkó lónìí, ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí Lẹ́kì lè dá wà láàárín gbogbo ariwo Ìdúmọ̀tà. Ẹ má tíì na ìwé ìléwọ́ sí i. Ẹ kí i, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Tó bá yá: “Mà, lọ́jọ́ Ìsinmi, màá yà mú yín ká jọ lọ.” (Kí ẹ sì yà o!) Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó sì kọ̀, ẹ ṣáà máa kí i. Iléyá ń bọ̀, ẹran á kàn yín.