Nígbà Tí Alábàáṣiṣẹ́ Bá Ń Tú Àpò Wa

Agboolé ni ibi iṣẹ́ jẹ́: a jọ ń wọlé, a jọ ń jáde, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní yàrá tirẹ̀. Nítorí náà, alábàáṣiṣẹ́ tó ń gba orí èjìká ẹni ka àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ẹni, tó ń tú dúrọ́ọ̀ ẹni nígbà tí a lọ jẹun ọ̀sán, tó sì ń ròyìn owó oṣù àti àìsàn ẹni kiri ọ́fíìsì, kì í ṣe aláwàdà. Ó ti ré kọjá ààlà. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ kọ́kọ́ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ wí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí dúrọ́ọ̀ mi mọ́.” Bí ó bá kọ etí ikún, ẹ kọ ọjọ́ àti ìṣe rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé e tọ ọ̀gá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú àṣírí tirẹ̀ láti fi gbẹ̀san, kí ẹ̀yin náà má baà di ẹlẹ́bi.