Ọnà Tí Ó Wà Lára Àdìrẹ Ìbàdàn Dùn

Àwọn tí ń to òdòdó sínú ìkòkò ní ilẹ̀ Òyìnbó a máa sọ pé nǹkan díẹ̀ ni ojú ń wò kí ó tó gbà pé ohun kan dára: ìlà, ìrísí, àwọ̀, àlàfo tí ó wà láàárín wọn, àti bí ìhà kan kò ti ní wúwo ju èkejì lọ. Àwọn ará Japan tilẹ̀ ka àlàfo sí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ka mẹ́ta péré fi lè tó wọn fún odindi àwo kan. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí a bá wọ ọkọ̀ òkun kí a tó rí i kọ́. Ẹni tí ó bá dúró ní Ọjà Ọba, kí ó gbé ojú sókè wo gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè.

Ní ọdún 1929 ni a ṣí gbọ̀ngàn náà. Àwọn aládìrẹ ìlú kò jẹ́ kí òpó ńláńlá iwájú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ìjòyè nìkan. Wọ́n mú un wọ inú aṣọ tí a ń pè ní Ìbàdàn Dùn. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí: báyìí ni wọ́n ń tò wọ́n. Òpó dúró gbọnrangandan, ojú a sì bá a lọ sókè. Orí ṣíbí rí roboto, ó sì ń dá ojú dúró kí ó lè sinmi. Bí ó bá jẹ́ òpó nìkan ni, aṣọ náà ì bá dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Aṣọ funfun méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọ̀pá méjì ààbọ̀, ni a ń rán pọ̀ di ìró kan. Aládìrẹ a pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin, a se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, a sì fi ìyẹ́ adìẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ ya ọnà rẹ̀. Ohun tí ó yà ni aró kò ní mu dáadáa. Ohun tí ó fi sílẹ̀ láìyà ni yóò dúdú. Nítorí náà, àlàfo ni ó ń tò ní tòótọ́. Ẹni tí ń to òdòdó lè fa ẹ̀ka kan yọ bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ti wọ inú aró èlú kò ṣeé dá padà.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a gé ọnà sí ara páànù, àwọn obìnrin a sì fi láfún gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe èyí tí ó ní àwòrán Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary, fún àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935. Iṣẹ́ náà yá, àwa kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Síbẹ̀, ti Ìbàdàn ni a yàn, nítorí òpó méjì kì í jọra pátápátá lára rẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń dín kù, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà sì ti gba ọjà, nítorí ó pọ́ọ́kú. Ní 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds gbé ìwé kan jáde lórí àdìrẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyáàfin Nike Davies-Okundaye sì ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ní Òṣogbo. Ìwé lè pa orúkọ ọnà mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń kọ́ ọwọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ yí aṣọ náà padà. Ojú kan ni a ń kun láfún sí, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ gidi a dúdú, ọnà kì í sì í hàn dáadáa níbẹ̀. Ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ sábà máa ń ràn ju ojú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí òpó ti tẹ̀ díẹ̀.