Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn àti Táyà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Tún Ògbólógbòó Alùpùpù Ṣe

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ ṣàlàyé lè dà bí ohun tí kò kan oníwàásù, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀, níbi tí Àjàó Estate wà. Síbẹ̀, alùpùpù kò tán nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í gbé ẹrù láti ilé dé ilé, àwọn àgbà mìíràn sì ń gun tiwọn lọ sí ibi iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí ni ó ti gbó. Ẹ wo irú Honda CG125, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1976: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sábà máa ń pẹ́ ju àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ yòókù lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bàbá fi alùpùpù rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ de àpótí ńlá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì ṣe títí ó fi ń dún kíkankíkan. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń mú alùpùpù sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì àti táyà ni kì í jẹ́ kí ó kúrò lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ méjì ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Sípíríǹgì rẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ni ó ń kó sípíríǹgì náà níjàánu. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kọlu òkìtì, sípíríǹgì a sún kì, a sì fẹ́ ta padà tagbáratagbára. Ọ́ìlì tí ń gba inú ihò tín-ín-rín kọjá ni yóò dín agbára náà kù, tí yóò sì sọ ọ́ di ooru. Nígbà tí rọ́bà tí ó dí ọ́ìlì mọ́nú bá gbó, ọ́ìlì a jò dànù, sípíríǹgì a sì máa jó bí ó ti wù ú. Táyà yóò wá máa fò kúrò nílẹ̀. Táyà tí kò sì fara kan ilẹ̀ kò lè dúró bí a bá tẹ bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yà bí a bá fẹ́ yà.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ gbé alùpùpù kúrò lórí ìdúró rẹ̀, ẹ fi gbogbo ara tẹ ẹ̀yìn àga rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá dìde lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dúró, ó dára. Bí ó bá ń ta sókè sódò, ọ́ìlì ti tán. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sórí ìdúró àárín, ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, kí ẹ sì tì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, búṣì tàbí bíárìn ni ó ti jẹ. Ṣọ́ọ̀kì tuntun kò lè wo àrùn yẹn sàn.

Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ rántí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wọn ìjìnnà láti àárín ihò bóòtù òkè dé àárín ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ra èyí tí ó bá a mu. Èyí tí ó gùn jù yóò gbé ẹ̀yìn sókè, ọwọ́ yóò sì máa gbọ̀n; èyí tí ó kúrú jù lè mú kí táyà máa fẹnu gbá mọ́dígáàdì. Sípíríǹgì tí ó le ju ẹrù lọ yóò máa ta bí alùpùpù bá ṣófo. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀. Òrùka tí a ń yí nídìí sípíríǹgì wà fún ẹrù tí ó bá pọ̀ sí i. Ẹ yí i dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì. Kì í dá ọ́ìlì tí ó ti jò padà.

Ó ku táyà. Bí a bá kọ 3.00-18 sí i lára, ínǹṣì 3 ni ìbú rẹ̀, ínǹṣì 18 sì ni ríìmù tí ó gbà. 52P túmọ̀ sí pé ó lè gbé ìwọ̀n kílò 200, eré rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Nítorí náà, táyà tokunbọ̀ lè ní ojú tí ó jinlẹ̀ síbẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ ti gan. Ẹ má ṣe ra èyí tí ó fẹ̀ jù nítorí ẹwà; ríìmù tóóró yóò fún un pọ̀, ó sì lè máa ha ṣéènì. Bí ríìmù bá jẹ́ onísípóòkù, ẹ fi tíúbù tuntun sí i, kí fọkanáísà sì tẹ̀ lé ọfà tí ó wà lára táyà.

Táyà tuntun a máa yọ̀. Ẹ rọra gùn ún fún bí kìlómítà 160 àkọ́kọ́, pàápàá ní àkókò òjò. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ní òwúrọ̀ nígbà tí táyà ṣì tutù.

Jésù Olúwa pa òwe ìrépé aṣọ tuntun tí a lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó ẹ̀wù. Aṣọ tuntun náà kò burú. Kò bá ẹ̀wù mu ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá lórí búṣì tí ó ti jẹ àti táyà tí ó ti pá. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà tí ó ti jẹ, kí ẹ tún búṣì ṣe, kí ẹ tó ra ṣọ́ọ̀kì. Títí di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ẹrù fúyẹ́, kí eré sì mọ níwọ̀n. Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ tó gbé àpótí rẹ̀ jáde lọ́la, ẹ tẹ ẹ̀yìn àga yẹn mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo bí yóò ti dìde.